Ìkẹ́dùn lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Àyìnlá Láyíwọlá, àti Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀ Kan tí a Sọ ní Lálúpọn

Sí Mọ̀lẹ́bí Láyíwọlá,
nípasẹ̀ Alhaji Sàníù Láyíwọlá, olórí ẹbí,
Lálúpọn.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, tí kò sì tíì fúyẹ́ láti òwúrọ̀ Sátidé tí ìròyìn náà ti dé etí wa, ni gbogbo àwa olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì ní Yunifásítì Ọ̀nà-Ìmọ̀, Ìbàdàn, fi ń kí yín lórí ikú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Àyìnlá Láyíwọlá. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọmọ ló yẹ kó sin ìyá. Nígbà tó bá wá di pé ìyá ló ń sin ọmọ, ẹni tó fẹ́ kí i kì í mọ ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀. Bó ṣe rí fún wa gan-an nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fara dà á.

Ẹ ó rí i pé èdè Yorùbá ni a fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ka wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí wọn jù lọ ni ìyá tó bí Ọ̀jọ̀gbọ́n, Àlájà Fàtímọ̀ Láyíwọlá. Bí a bá fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹlòmíràn ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, a sì ti fojú ara wa rí ohun tí ìtumọ̀ lè dá sílẹ̀. A bẹ Alhaji pé kí wọ́n jẹ́ kí Rùqáyyàh, ọmọbìnrin Ọ̀jọ̀gbọ́n, kà á fún ìyá bàbá rẹ̀. Kí ó rọra kà á, kí ó má sì fo ìlà kankan, kódà ibi tí orúkọ òun alára bá ti jẹ yọ.

Nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀, a ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kú náà ni ẹ sin wọ́n sí Lálúpọn, bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀, àwa kò sì bá a. Ọjọ́ kẹjọ ni a tó wá bá yín ṣe àdúà. Àwọn ààfáà ti ṣe wáàsí tán, àwọn èèyàn ti yin òkú títí ó fi tó, kí ìyá tó gbé orí sókè béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ohùn wọn kò ròkè rárá. Wọ́n ní, "Gbogbo yín lẹ ń sọ pé èèyàn ńlá lọmọ mi. Ó dáa. Iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe?"

Àwa tí a wá láti yunifásítì ń wo ara wa lójú. Àwa tí a lè fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ láì mu omi, olúkúlùkù wa ń retí kí ẹlòmíràn dìde. Ọ̀mọ̀wé Akíntáyọ̀, tó kéré jù nínú wa, tó sì jẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ló tọ́ ọ sọ́nà títí ó fi gboyè, ló dìde. Ó ní, "Màmá, kẹ́míkà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, kẹ́míkà ni."

Èkó ni wọ́n ti tọ́ Akíntáyọ̀ dàgbà. Kò mọ̀ pé ní Lálúpọn, kẹ́míkà ni wọ́n ń fín sí koríko tí koríko fi ń gbẹ. Kẹ́míkà ni oníṣòwò tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, òun sì ni àwọn ọ̀dájú ń dà sódò tí ẹja fi ń léfòó. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ òun fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìyẹn, tí inú rẹ̀ yóò dùn? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin kan ní ẹ̀yìn ọ̀hún ní, "Lá ìláhà illallọ́ọ̀hù. Kẹ́míkà náà ló pa á nìyẹn."  Ìyá fa ìborùn wọn bo ojú, wọn kò sì ṣí i títí a fi kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Rùqáyyàh kò ti padà sí yunifásítì. Ẹ̀ka wa náà ni ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ọdún kẹta rẹ̀ sì nìyí. Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, Hasanat, tí wọ́n ṣì wà nínú opó, ló fi fóònù sọ fún wa pé ìyá ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ọmọ tó ti ara àwọn jáde, tàbí tó ti ara ọmọ àwọn jáde, tí yóò tún fọwọ́ kan kẹ́míkà láéláé. Ìyàwó tó ń ṣe opó kò ní bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Rùqáyyàh náà kò jiyàn. Ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn báyìí. A kò dá a lẹ́bi, a kò sì dá ìyá lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹnu wa ni ọ̀rọ̀ tó dẹ́rù bà wọ́n ti jáde, a kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó lágbára jù kúrò nílẹ̀. Kẹ́míkà kọ́ ló pa Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́, Hasanat mọ̀, dókítà sì ti sọ ọ́ pé ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ti wọ láàbù. Wọ́n gba ìsinmi, wọ́n wà nílé wọn ní Adégbàyí, wọ́n ń máàkì ìwé ìdánwò. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n kírun àsùbá, wọ́n jókòó lórí ẹní láti ṣe tẹ̀sùbáà, wọn kò sì dìde mọ́. Kò sí kẹ́míkà nínú ilé yẹn, àfi bí a bá fẹ́ ka ọṣẹ tí Hasanat fi ń fọṣọ mọ́ ọn.

A kò ní tìtorí pé a fẹ́ tu ìyá nínú ká wá parọ́ fún wọn. Nínú ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fọwọ́ kàn, àwọn kan wà tó léwu. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ṣọ́ra débi pé wọ́n máa ń múnú bí èèyàn. Bí wọ́n bá wọ agbádá wá láti mọ́ṣáláṣí ní Jímọ́ọ̀, ẹnu ọ̀nà láàbù ni wọ́n ti ń bọ́ ọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọ awò ìdáàbòbò ojú, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa fi hàn án. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, tí mo jẹ́ Olórí Ẹ̀ka, tí mo sì ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n bá fẹ́ gba ìsinmi, wọ́n ti lé mi jáde rí nítorí pé bàtà mi ṣí ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo bínú lọ́jọ́ náà. Mo lọ pààrọ̀ bàtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń darí láàbù yẹn, ẹnikẹ́ni kò ṣèṣe níbẹ̀, wọ́n sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ fún oyè wọn lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè ìyá bó ṣe yẹ kí a ti dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ wo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Láyíwọlá ń ṣe?

Ìyá mọ irin, ìyá sì mọ èédú. Bí èèyàn bá kó wọn sójú kan títí ọdún fi yípo, irin yóò ṣì máa jẹ́ irin, èédú yóò sì máa jẹ́ èédú. Àmọ́ ohun tó wà nínú èédú yẹn, òun náà ló wà nínú ewé, nínú ẹ̀gẹ́, nínú epo àti nínú ara àwa èèyàn. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni láti so irú irin bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tó wá láti inú èédú, kí wọ́n di ara wọn mú, kí wọ́n di nǹkan tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Irin nìkan kọ́ o. Wọ́n ṣe ti bàbà, wọ́n ṣe ti àwọn ìbátan irin mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn nǹkan tuntun yìí kò lè fara da afẹ́fẹ́, ńṣe ni wọ́n dà bí ọmọ tuntun tí a kò tíì gbé jáde. Inú àpótí onídígí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti máa ń tọ́jú wọn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ gígùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpótí náà. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọn kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí iná yóò fi dé.

Kí wá ni ìlò rẹ̀? Bí wọ́n bá dé ibí yìí nínú kíláàsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń pa gẹ̀ẹ́sì tì. Wọ́n á ní alárenà ni. Oògùn ibà tí a ń lò, ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí kò fẹ́ pàdé èkejì, àfi kí ẹnì kan wà láàárín wọn tí yóò fi ojú wọn mọ ara wọn. Nǹkan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ló máa ń wọ àárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti di ọ̀kan tán, òun á jáde, á sì lọ fa àwọn mìíràn pọ̀. Ojú mọjú tán, alárenà á yẹ̀bá. Nílùú òyìnbó, irin olówó iyebíye, tó wọ́n ju wúrà lọ, ni wọ́n sábà máa ń lò fún iṣẹ́ alárenà yìí. Ọmọ yín ló fi hàn pé irin lásán, irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, lè ṣe é, bí a bá ti fún un ní ẹgbẹ́ tó dáa. Àpilẹ̀kọ ìwádìí tí wọ́n kọ lórí èyí àti lórí àwọn irin mìíràn lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Lálúpọn, ní Jámánì àti ní Bùràsíìlì, ti kà wọ́n, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ tiwọn ka orí wọn. Bí a bá yìn wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní irin ló ṣiṣẹ́, kí a lọ kí irin.

Ẹ̀fẹ̀ kan tún wà tí a kò ní fi sílẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn onímọ̀ bíi tiwa máa ń fi nọ́ńbà dá ìgò kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fẹ́ nọ́ńbà. Orúkọ ìlú tó wà ní agbègbè yín ni wọ́n ń kọ sára ìgò. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan sáré jáde láti inú láàbù, ó ń pariwo pé, "Ọ̀gá, Akanran ti jóná." Ọmọ Akanran ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ti gun ọ̀kadà kí ẹnikẹ́ni tó pè é padà, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ló fi mọ́tò lé e bá. Gbogbo ìlú ni wọ́n lò tán pátá, ó ku Lálúpọn. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní àwọn kò tíì ṣe èyí tó tó o. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn kí wọ́n tó gba ìsinmi, àwọn àti Rùqáyyàh ni wọ́n jọ ṣe é, irin àti èédú tó dúró gbọin nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Rùqáyyàh ló mú gègé, tó kọ Lálúpọn sára ìgò náà láì gba àṣẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, wọ́n wo ọmọ, wọn kò sì pa á rẹ́.

Ó wá ku ohun kan, ibí yìí ni a sì fẹ́ kí Rùqáyyàh rọra kà jù.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí ní Lálúpọn lẹ mọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń pè ní bébà Àyìnlá. Ó pọ́n bí ọsàn. Ẹ ó tì í bọ omi tó ń ro jáde lára àpò ẹ̀gẹ́. Bí oró ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, bébà náà á di elésèé àlùkò, ẹ ó sì fi àpò náà sílẹ̀ kó tún kan sí i. Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ẹ ti ń gbà á bí wọ́n bá wálé. Ìyá fúnra wọn ń lò ó, wọ́n sì ń pín in fún àwọn obìnrin yòókù. A rò pé ẹnikẹ́ni kò béèrè rí pé kí ló wà lára bébà yẹn. Kẹ́míkà ni. Kóbáàtì ni wọ́n ń pe irin tó wà nínú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì fọwọ́ ara wọn tò ó débi tí yóò fi máa di oró ẹ̀gẹ́ mú, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí. Oró náà kò ti ilé iṣẹ́ òyìnbó wá, inú ẹ̀gẹ́ ni Ọlọ́run dá a sí. Kẹ́míkà ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Nígbà kan, a bi Ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè ohun tó mú wọn fi iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ lọ jókòó ti bébà. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, kò sí bébà kankan, ahọ́n ni ìyá àwọn fi ń tọ́ omi ẹ̀gẹ́ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó yan. Wọ́n ní àwọn á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, àwọn á máa wo ẹnu wọn, ẹ̀rù á sì máa ba àwọn pé ìyá máa kú. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ fún ìyá pé kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí iṣẹ́ náà ni ìyá yàn, ó sì yẹ wọ́n. Ohun tí àwọn lè ṣe ni kí àwọn wá nǹkan tí yóò máa bá ìyá tọ́ ọ wò. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rí, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ń ti àwọn ọkùnrin láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá wọn, nítorí náà ni a ṣe ń bá wọn sọ ọ́.

Ẹ̀ka yìí ti pinnu pé owó ilé ẹ̀kọ́ Rùqáyyàh wà lọ́rùn wa títí yóò fi jáde, ìbáà ṣe kẹ́mísírì ló kà ni, ìbáà ṣe ẹ̀kọ́ mìíràn tí ìyá bá fọwọ́ sí. Àpilẹ̀kọ tó kù nílẹ̀ láti kọ lórí ohun tó wà nínú ìgò Lálúpọn, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò ṣíwájú níbẹ̀, ti Rùqáyyàh yóò sì tẹ̀ lé e, yálà ó padà wá tàbí kò padà wá. Bébà Àyìnlá kò ní wọ́n yín. Akíntáyọ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, òun ló sì bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ́ síbí pé òun fúnra òun ni yóò máa gbé e wá, bí ìyá bá gbà kí òun dé iwájú wọn. Ojú ń tì í gidi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Kí ìyá tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ọ̀rọ̀ Rùqáyyàh, kí wọ́n jẹ́ ká fi mọ́tò wá gbé wọn lọ́jọ́ tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n wá wo ibi tí ọmọ wọn ti ṣiṣẹ́. Ìyá ni yóò ṣáájú wọlé. Kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tó wù wọ́n láti fọwọ́ kàn, kí wọ́n bi wá ní ohun tó wù wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá ní kí ọmọ padà, a ó dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní kó jókòó, àwa náà yóò máa wá sí Lálúpọn wá bá a jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì ní fojú burúkú wò ó.

Hasanat sọ ohun kan fún wa lórí fóònù tí kò kúrò lọ́kàn wa. Wọ́n ní láti ọjọ́ àdúà yẹn, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìyá á pe Rùqáyyàh, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á gbé e sí imú, bóyá kẹ́míkà ṣì ń rùn níbẹ̀. Ọmọ náà á dúró jẹ́jẹ́, kò ní fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Nígbà tí a sọ ọ́ níbi ìpàdé wa, Akíntáyọ̀ bú sẹ́kún, òun nìkan sì kọ́.

Kí Ọlọ́run Ọba tó mọ ohun tó wà nínú gbogbo nǹkan tó dá, kí Ó forí ji Ishaq ẹrú rẹ̀, kí Ó fi àlùjánnà onídẹ̀ra ṣe ilé wọn. Kí Ó wà pẹ̀lú Hasanat nínú opó wọn, kí Ó sì fún Alhaji ní okun láti kó ẹbí yìí mọ́ra. Kí Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé Àlájà Fàtímọ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá sì tún dé, tí wọ́n bá tún di ọwọ́ ọmọ-ọmọ wọn mú, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan ni wọ́n fi dì í mú, kó má jẹ́ ẹ̀rù mọ́. Àmín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúrẹ̀mí Fákúnlé,
Olórí Ẹ̀ka, ní orúkọ gbogbo Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì,
Yunifásítì Ọ̀nà-Ìmọ̀, Ìbàdàn.